Ogbó Tí Ó Mọ Ọ̀nà

Ìtàn tí àwọn baba wa sọ fún wa nípa orúkọ tí à ń jẹ́ ní Ìgbómìnà ni pé nígbà tí ọmọ Odùduwà tí ó di Ọ̀ràngún ń kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n fún un ní àdá kan tí à ń pè ní ogbó. Igbó kìjikìji ni ó wà níwájú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ti rin ọ̀nà náà rí tí yóò júwe rẹ̀ fún un. Ogbó yìí ni ó ń la ọ̀nà fún un títí ó fi dé ibi tí ó tẹ̀dó sí. Àwọn ènìyàn wá ń wí pé, ‘Ogbó mọ̀nà,’ gbólóhùn yìí ni ó sì di Ìgbómìnà. Bí ìtàn náà ti rí gan-an, ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ fún àwọn òpìtàn. Ohun tí ó wù mí nínú rẹ̀ ni pé baba tí ó rán ọmọ lọ sí ilẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò dé rí kò jẹ́ kí ọmọ náà lọ lọ́wọ́ òfo. Kò lè júwe ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó fún un ní ohun tí a fi ń wá ọ̀nà.

Ní ọdún 2021, mo wà ní Òrò-Àgọ́ ní ọjọ́ tí a ń sin ọmọ àbúrò mi obìnrin sọ́nà. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ náà. Ó ti yege nínú ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó ti ṣe apá kìn-ín-ní ìdánwò iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lórí kọ̀ǹpútà, ilé ìwòsàn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ti gbà á sí iṣẹ́. Apá kejì, èyí tí a ń fi ọwọ́ ṣe lójú àwọn olùdánwò, ó di ọ̀hún kí ó tó ṣe é. Àwọn ẹbí pé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n di èlùbọ́, gaàrí, irú gbígbẹ àti ata gígún sí àpò rẹ̀. Àwọn onígbàgbọ́ gbàdúrà, àwọn mùsùlùmí gbàdúrà. Lẹ́yìn èyí ni bàbá rẹ̀ àgbà fún un ní ìmọ̀ràn méjì: kí ó rántí ọmọ ẹni tí ó ń ṣe, kí ó má sì ṣe gbó àgbà lẹ́nu níbikíbi tí ó bá dé. Gbogbo wa ṣe àmín. Èmi tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ènìyàn ní yunifásítì, mo ṣe àmín tèmi kíkan kíkan.

Ó tó oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà tí ó pè mí ní òru ọjọ́ kan. ‘Bàbá, ẹ má bínú pé mo jí yín lójú oorun.’ Mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀ pé ó ti sunkún. Ó ní bàbá arúgbó kan wà ní yàrá ìwòsàn tí òun ti ń ṣiṣẹ́, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Nọ́ọ̀sì kan tí ó ju òun lọ ní ọjọ́ orí àti ní ipò fẹ́ fún bàbá náà ní oògùn, òun sì rí i pé ìwọ̀n oògùn náà pọ̀ ju èyí tí dókítà kọ sílẹ̀ lọ. Òun fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ há sí òun lọ́fun. Obìnrin náà tó ìyá òun í bí. Òun wá ń wo ilẹ̀. Ọmọdébìnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ni ó ń kọjá lọ tí ó dúró, tí ó sì bèèrè pé, ‘Ṣé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn?’ Wọ́n yẹ ìwé wò, wọ́n sì dá oògùn náà padà. Nǹkan kan kò ṣe bàbá arúgbó náà. ‘Ṣùgbọ́n, Bàbá, bí ọmọ yẹn kò bá kọjá ńkọ́? Ṣé ẹ̀kọ́ tí ẹ kọ́ mi nílé ni kò dára ni, àbí èmi ni mo kọ́ ọ lódì?’

N kò rí èsì fún un ní òru ọjọ́ náà. Mo ní kí ó lọ sùn, pé a óò sọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé mo jẹ ẹ́ ní gbèsè èsì.

Ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Agboolé tí kò ní ọmọ ní òkè òkun kò wọ́pọ̀ mọ́ ní àdúgbò wa. Àìríṣẹ́ṣe, owó oṣù tí kò tó ná àti ìbẹ̀rù àwọn ajínigbé lójú ọ̀nà oko ń lé àwọn ọ̀dọ́ jáde. Ìwé ni a sì fi ń múra wọn sílẹ̀: ìwé-ẹ̀rí, ìwé ìrìnnà, físà, èsì ìdánwò. Ìwé wọ̀nyí ṣe pàtàkì, nítorí òun ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn bá ti ṣí, tí ọmọ bá wọ ibi iṣẹ́ tí kò sí ẹni tí ó gbọ́ èdè rẹ̀ níbẹ̀, kí ni yóò fi wá ọ̀nà? Ṣé kí a ní kí ó yí padà ni, àbí kí a ní kí ó má yí padà?

Àwọn àgbà fi òwe méjì sílẹ̀ fún wa lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì ń ta ko ara wọn. Wọ́n ní bí a bá dé ìlú adẹ́tẹ̀, a di ìkúùkù. Wọ́n tún ní kí ọmọ rántí ilé tí ó ti jáde.

Àwọn tí ó di òwe kìn-ín-ní mú ni wọ́n ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó bọ́ àṣà ilé sílẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Kí ó máa wo ọ̀gá lójú. Kí ó máa pe ẹni tí ó bí i lọ́mọ ní orúkọ àbísọ. Kí ó má kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni. Ìmọ̀ràn tí ó wúlò ni, n kò bá a jà. Àléébù rẹ̀ ni pé kò sọ ibi tí ìyípadà gbọdọ̀ dúró sí. Ẹni tí a ti kọ́ pé ohunkóhun tí àwọn onílé bá ń ṣe ni kí ó máa ṣe, kí ni yóò wí ní ọjọ́ tí ọ̀gá kan bá ní kí ó kọ irọ́ sínú ìwé aláìsàn? Ìkúùkù náà ni yóò dì.

Àwọn tí ó di òwe kejì mú ni àwa tí a pé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní Òrò-Àgọ́. Ọmọ wa kò sì dójú tì wá. Ó rántí ilé. Ó wo ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ ọ, ó sì kù díẹ̀ kí arúgbó kan fara gbá a.

Mo rò pé ibi tí a ti ṣìnà ni pé a kò ya ìwà sọ́tọ̀ kúrò lára ìṣe. Ìkúnlẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀, fífi ọwọ́ méjèèjì gba nǹkan, wíwo ilẹ̀ nígbà tí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, ìṣe ni gbogbo wọn. Wọ́n ní ohun tí wọ́n ń sọ, ohun náà ni ìwà: pé ẹni tí ó wà níwájú mi níyì, n kò sì gbọdọ̀ ṣe ohun tí yóò fi í wọ́lẹ̀. Ìṣe a máa yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú. Ní ibi kan, ẹni tí kò wo ọ̀gá lójú ni ó bu ọlá fún un. Ní ibòmíràn, ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò pè ní ẹlẹ́tàn. Ìwà ni ó yẹ kí ó bá ọmọ kọjá òkun. Bí ìṣe kan bá ta ko ìwà tí a torí rẹ̀ dá a sílẹ̀, ìṣe náà ni ó yẹ kí ó yà fún ìwà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí yàrá ìwòsàn náà. Àgbà mélòó ni ó wà níbẹ̀? Ọmọ wa rí ẹyọ kan, èyí tí ó dúró tí ó mú oògùn lọ́wọ́. Àgbà kejì dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kò sì lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ tí ó bu ọlá fún ọ̀kan fi èkejì sínú ewu. Kódà kò ṣe èyí tí ó dúró náà ní oore, nítorí bí oògùn náà bá pa ènìyàn lára, iṣẹ́ rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó di àgbà mú kí ó má baà ṣubú kò rí i fín.

Ẹnìkan lè wí pé mo ti ń fi ojú Òyìnbó wo àṣà wa. Rárá o. Nínú àṣà wa gan-an ni mo ti rí ohun tí mo ń sọ. Bí ọmọdé bá fẹ́ pa òwe níwájú àgbà, kò ní dákẹ́ nítorí pé ó jẹ́ ọmọdé. Yóò kọ́kọ́ tọrọ àyè, yóò ní, ‘Tótó, ó ṣe bí òwe o.’ Àwọn àgbà yóò sì dá a lóhùn pé, ‘Wà á rí òmíràn pa.’ Gbogbo wa ni a mọ gbólóhùn méjèèjì yìí, a sì ti sọ wọ́n di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ẹ wo ohun tí ó wà nínú wọn. Ẹni tí ó dá àṣà náà sílẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí àgbà nílò lè wà lẹ́nu ọmọdé. Ó wá ṣe ilẹ̀kùn tí ọ̀rọ̀ náà yóò gbà jáde láìsí pé àgbà tẹ́, láìsí pé ọmọdé jẹ̀bi. Láàrin àwọn awo pẹ̀lú, bí ẹnìkan bá ń kì Ifá láwùjọ tí ó sì ṣi ẹsẹ̀ náà kì, àwọn tí ó jókòó kò ní jẹ́ kí ó lọ bẹ́ẹ̀, nítorí Ifá ju ẹni tí ó ń kì í lọ. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Òwe náà kò sọ pé àgbà gbọ́n, ọmọdé dákẹ́.

Kì í sì í ṣe pé a bí ẹnu mọ́ Òyìnbó nígbà tí a bí ojo mọ́ wa. Ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹta, ọdún 1977, bàálù ńlá méjì kọlu ara wọn nínú kùrukùru ní pápá ọkọ̀ òfuurufú kan ní erékùṣù Tenerife. Ti KLM, ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Hólàńdì, ni ọ̀kan. Ti Pan Am, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà, ni èkejì. Ènìyàn 583 ni ó kú. Kí bàálù KLM tó gbéra, ẹnìkan nínú àwọn tí ó wà ní iwájú ọkọ̀ pẹ̀lú ọ̀gá awakọ̀ bèèrè bóyá bàálù kejì kò tíì kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀gá náà, tí gbogbo ilé-iṣẹ́ ń bọ̀wọ̀ fún, ní ó ti kúrò. Ẹni tí ó bèèrè kò tún sọ̀rọ̀ mọ́. Ọmọ Hólàńdì ni ọ̀gá, ọmọ Hólàńdì ni ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn irú ìjàǹbá báyìí ni àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọ̀gá bí a ṣe ń gbọ́. Àwọn ilé ìwòsàn yá ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́ wọn. Ọmọdébìnrin tí ó bèèrè nípa oògùn kò mú ìgboyà rẹ̀ wá láti inú ìyá rẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ ni. Ohun tí a lè kọ́, àwa náà lè kọ́ ọ.

Níbi tí mo dé yìí, mo ní láti sọ ẹ̀bi tèmi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, akẹ́kọ̀ọ́ kan nawọ́ sókè nínú kíláàsì mi, ó ní, ‘Ẹ má bínú, sà, ó dà bí ẹni pé àmì ohùn orí ọ̀rọ̀ yẹn kò tọ̀nà.’ Òótọ́ ni ó sọ. Dípò kí n dúpẹ́, mo bi í léèrè pé nínú èmi àti òun, ta ni olùkọ́? Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà jókòó, títí ó fi jáde kò nawọ́ mọ́. Nígbà tí mo dé yàrá iṣẹ́ mi, mo tún àmì ohùn náà ṣe nínú ìwé mi, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Gbólóhùn méjì ni ó wà nínú àṣà ‘tótó’. Ọmọ yẹn sọ èyí tí ó kàn án, nítorí ‘ẹ má bínú, sà’ ni tótó tirẹ̀. Èmi ni n kò sọ èyí tí ó kàn mí. Bí irú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo pa lẹ́nu mọ́ báyìí bá dé yàrá ìwòsàn ní òkè òkun tí wọ́n ń wo ilẹ̀, ta ni ó kọ́ wọn?

Ìdákẹ́jẹ́ tí mo ń sọ yìí kò mọ sí ibi iṣẹ́. Ó wà láàrin àwa tí a ń rán ọmọ lọ àti ọmọ tí ó ń lọ. Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tí ó ṣáájú. Nígbà ìjọba amúnisìn, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin àti àwọn ìlú mìíràn lọ ṣòwò ní Gold Coast, tí ó di Gáná. Ọmọdé kò sábà lọ ní òun nìkan. Ó ń lọ bá ẹbí tí ó ti ń tajà níbẹ̀, yóò máa bá a kiri, yóò gbọ́ èdè ọjà, kí wọ́n tó fún un ní ọjà tirẹ̀. Ìmúrasílẹ̀ tí ó dára ni. Ohun tí kò sí nínú rẹ̀ ni òfin ilẹ̀ náà. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti gba ìwé tàbí kí wọ́n jáde. Àwọn tí ó ti gbé ibẹ̀ fún ogójì ọdún àti àwọn tí a bí síbẹ̀ di ẹrù wọn, wọ́n ń bọ̀ wá sí ilé tí àwọn mìíràn nínú wọn kò mọ̀. Kí a má sì rò pé àwọn onílé kan ni ó burú: ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983, ìjọba tiwa náà ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ará Gáná ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn.

Ilẹ̀kùn àjèjì a máa ṣí, a sì máa tì. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tí yóò máa tọ́jú arúgbó àti aláìlera. Láti ọjọ́ 11, oṣù Kẹta, ọdún 2024, wọ́n ní ẹni tí ó bá ń bọ̀ wá ṣe iṣẹ́ náà kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Ní ọjọ́ 22, oṣù Keje, ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà mọ́ àwọn tí yóò máa bọ̀ láti òkè òkun. Ẹni tí ó ta ilẹ̀ baba rẹ̀ fún alágbàtà físà nítorí ilẹ̀kùn yìí yẹ kí ó ti gbọ́ ìtàn 1969 lẹ́nu wa. A mọ̀ ọ́n, a kò sọ.

A kò sì sọ irú iṣẹ́ tí ó wà níbẹ̀. Olùkọ́ tí ó fi yàrá ìkàwé sílẹ̀ nílé bá ara rẹ̀ níbi tí ó ti ń wẹ̀ fún arúgbó, tí ó ń pààrọ̀ aṣọ ìdọ̀tí fún un. Bí wọ́n bá pè é láti ilé, á ní ọ́fíìsì ni òun wà. Kí ni ìtìjú ibẹ̀? Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Iṣẹ́ tí à ń yin ọmọ fún bí ó bá ṣe é fún baba rẹ̀ ní Òrò-Àgọ́ kò lè di àbùkù nítorí pé baba ẹlòmíràn ni ó ṣe é fún. Ẹ̀rù wa ni ó ń ba ọmọ náà tí ó fi ń purọ́ fún wa. Ó mọ̀ pé ‘ó dára’ nìkan ni a fẹ́ gbọ́. Ẹni tí kò lè sọ òótọ́ fún ilé, níbo ni yóò ti rí ẹnu sọ ọ́ fún ọ̀gá?

Nítorí náà, bí a bá ń múra akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ní ilẹ̀ àjèjì, ẹ jẹ́ kí a fi òótọ́ kún èlùbọ́ inú àpò rẹ̀. Kí ó ka ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ tán kí ó tó fi ọwọ́ sí i. Kí ó mọ ohun tí òfin ilẹ̀ náà fún un àti ohun tí kò fún un. Kí àwọn tí ó ti lọ jókòó sọ fún un bí òtútù àti ìdánìkanwà ṣe rí, láìfi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí a jẹ́ kí ó fi ẹnu rẹ̀ dánra wò lára wa nílé: kí ó bi wá ní ìbéèrè, kí ó ní a ṣe àṣìṣe nígbà tí a bá ṣe é, kí a sì dá a lóhùn bí àgbà. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ r’òde. Ọmọ kò lè rí ní òde ohun tí a kò fi sí i lára nílé. Bí ogbó kan bá wà tí ó lè la ọ̀nà fún un níbi tí a kò dé, ẹnu tí ó lè sọ òótọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni.

Èsì tí mo fún ọmọ àbúrò mi nìyí nígbà tí mo tún pè é. Ó ní òun náà ti lọ bá ọ̀gá òun ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, òun sọ pé òun rí oògùn náà, òun kò sì sọ̀rọ̀. Wọn kò lé e. Wọ́n fi í sí ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì kan tí ó jọ ń bá a ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ti ní gbólóhùn kan báyìí tí ó ń sọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́, ‘Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró díẹ̀, ẹ jẹ́ kí a jọ tún un wò.’ Kò gùn ju tótó lọ.

Nígbà tí ó wá kí wa ní ilé, ó ṣe kòńgẹ́ ọjọ́ tí a ń sin àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kan sọ́nà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ni. Bàbá àgbà tún fún ọmọ náà ní ìmọ̀ràn méjèèjì. Kí a tó ṣe àmín, ó kúnlẹ̀ síwájú Bàbá, ó ní, ‘Tótó, ó ṣe bí òwe o. Ẹ ní kí ó má gbó àgbà lẹ́nu. Ẹ dákun, ẹ bá mi fi kún un pé bí ó bá rí àgbà tí ó fẹ́ jìn sí kòtò, kí ó pariwo.’

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ dákẹ́. Bàbá wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó wo èmi náà. Ó wá ní, ‘Wà á rí òmíràn pa.’